Kí Eléyìí Dúró

Ní Madígẹ̀n, òjò kì í ṣe àlejò tó ń jókòó.
Ewúrẹ́ ló ń fi ibi omi hàn wá.
Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ń la òkúta sọ pé
adágún ni gbogbo ibi yìí nígbà kan rí,
bàbá mi rẹ́rìn-ín títí tíì fi dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà mi kò rẹ́rìn-ín.
Òun ló ń se oúnjẹ fún wọn,
ẹran àgùntàn, kárọ́ọ̀tì, ìrẹsì pupa láti Úzgẹ̀n.
Bó bá se é tán, á jókòó sẹ́bàá àgọ́,
á máa wo òòlù wọn
bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkúta là sí méjì
bí ápíríkọ́ọ̀tì tó gbó.
Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó oríkèé ìka:
orí pẹlẹbẹ,
eegun ẹ̀yìn wínníwínní bí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́,
ìrù.
Ó jọ aláǹgbá, kì í ṣe aláǹgbá.
Ó fẹ́ jọ ọ̀pọ̀lọ́, ó yí ọkàn padà.
“Salamándà ni,” ni Bakas wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.
“Ọmọdé ni. Kò tíì jáde kúrò nínú omi tí ikú fi dé.”
Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọdún, ní mílíọ̀nù, ó lé ní igba.

Ìyá àgbà kò dúró gbọ́ ìyókù.
Ó nu ọwọ́ sí aṣọ ìdáná,
ó gba òkúta náà bí a ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ sin kí ó tó bí i.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Toktobubu.
Kí eléyìí dúró.
Ó dúró. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Àwọn mẹ́ta yẹn, ẹnikẹ́ni kò mọ ojú oórì wọn mọ́;
àgbàrá yìnyín ti gbá àmì rẹ̀ lọ.

“Kí lẹ máa sọ ọ́?”
Bakas ní orúkọ ti wà nínú ìwé, ó gùn,
ní èdè tí ìyá kankan kò fi pe ọmọ wálé mọ́.
Ìyá àgbà gbé ẹnu sún mọ́ òkúta.
N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Tokto” ni mo gbọ́.

Wọ́n fi òwú àti ìwé ìròyìn wé e,
ọkọ̀ gbé e lọ sí Bíṣkẹ̀k.
Lálẹ́, ó da ìyókù tíì rẹ̀ sí ibi tí òkúta ti là.
Ilẹ̀ fà á mu kí n tó ṣẹ́jú.
Àwọn ewúrẹ́ sì wá, wọ́n ń gbóòórùn ibẹ̀.