Ilé Kẹtàdínlógún

Inú agolo mílíìkì la ti fa bébà náà,
nílé-ìwé kékeré kan l'Ókè-Baálẹ̀,
òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìlobùú.
Àwọ̀ ewé: ilé tí yóò gba oògùn omi.
Funfun: ilé tí a ó kàn máa bi ní ìbéèrè.

Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ mi:
bí a bá fún gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà,
tí ìgbẹ́ gbuuru sì dáwọ́ dúró,
báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá oògùn ni,
àbí ẹ̀ẹ̀rùn ló dé?
Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mi orí.
"Ó yé mi. Kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ọbẹ̀ dùn,
ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi omi jẹ ẹ̀bà."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tèmi há mi lọ́fun.

Ìyá Wọsílà fa funfun.
Sàráfà, tí wọ́n jọ pín ògiri kan, fa ewé.
Ìyá Wọsílà wo bébà rẹ̀ níwájú, ó wò ó lẹ́yìn,
bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ òun sí.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń padà lọ,
èmi, báírò, àti ìbéèrè mọ́kànlélógójì.
Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́mọ yàgbẹ́ gbuuru lọ́sẹ̀ yìí?
Ó ń dá mi lóhùn, ó ń bó ẹ̀gẹ́.
Lọ́jọ́ kan ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí,
o mọ ìgbẹ́ ọmọ mi ju bàbá ẹ̀ lọ,
o ò sì mú ọṣẹ wá rí."
Mo wolẹ̀. Ìbéèrè kẹtàlélógún ló kàn.

Ìgbà kẹrin, oòrùn mú.
Ó bu omi fún mi.
Mo gbé ife dé ẹnu, òórùn kan bá imú mi,
bíi ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jíìkì fọ̀.
Mo wò ó. Ó wo ògiri.
Lẹ́yìn ògiri, Sàráfà húkọ́, ó dákẹ́.
"Ó ní báwo lòun ó ṣe sùn," Ìyá Wọsílà wí,
"tí ọmọ mi bá ń sunkún lóru,
tí ìgò sì wà lórí tábìlì òun?"
Mo bi í ní ìbéèrè kìíní.
Òdo ló pè.
Mo mu omi náà tán.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Òjéwùmí fi báírò pupa
yí ilé kẹtàdínlógún po.
"Àbàwọ́n ni." Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.
"Bí ilé mẹ́wàá bá ṣe báyìí, a ò ní mọ nǹkan kan mọ́,
ìlú míì sì ń dúró de ìdáhùn wa."
Òótọ́ ló sọ.
Ìdí nìyẹn tí n kò fi purọ́ nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n kò sí àyè kankan fún un.
Etí bébà ni mo kọ ọ́ sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́:
Ó lò ó. Aládùúgbò rẹ̀ ló fún un.
A ò bi wọ́n léèrè.