Ojú-Ìwé 212

Ìwé tí olùkọ́ Hanus kọ kó tó kú
ti wà níwájú mi láti oṣù Kejì:
òjìlélẹ́gbẹ̀ta ojú-ìwé
àwọn tí òkun gbé lọ ní erékùṣù wa.
Orúkọ, ọkọ̀, ọdún,
orúkọ, ọkọ̀, ọdún,
bí ẹni ń ka owó fún ẹni tí kò ní wá gbà á.

Òjò Klaksvík ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀ lójú fèrèsé. Kọfí mi ti tutù.
Marjun ọmọ Hanus ní bàbá òun fẹ́ kí gbogbo ọdún pọ́n:
pupa ìpẹtà, kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀,
kí nọ́ńbà náà kéré,
kí ìrù wọn rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà.

Ta ni yóò máa fọwọ́ kun ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan?
Mo kọ àwòṣe kan sínú ìlànà ìpínrọ̀:
igi tó fẹ̀yìn tì, léta d lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ẹẹ́rin láàárín àkámọ́ méjì tó ṣu ẹnu jọ.
Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ:
ibikíbi tí nọ́ńbà mẹ́rin bá ti fara kanra,
wọ̀ wọ́n láṣọ.

Mo tẹ bọ́tìnì.
Ìpẹtà bo ìwé láti èèpo dé èèpo.
1846. 1877. 1913.
Mo lọgun. Tummas tó ń gé bébà béèrè pé kí ló dé.
Mo ní, “Wọ́n ti dé.”

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò mọ ìdí iṣẹ́ ni àwòṣe.
Ẹja 1126 tí wọ́n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó kùn ún.
Nọ́ńbà fóònù Marjun ní ojú-ìwé ìdúpẹ́,
mẹ́fà ni, ó kun mẹ́rin, ó fi méjì sílẹ̀ ní dúdú
bí ẹni tó ń rì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yọ sókè.
Mo tún un rán:
wo ẹ̀yìn kí o tó fọwọ́ kan nǹkan,
bí ẹja bá ṣáájú, kọjá lọ;
wo iwájú, bí nọ́ńbà mìíràn bá tẹ̀lé e, kọjá lọ.
Ó gbọ́. Ó kọjá lọ.

Títí mo fi dé 212, ìlà kẹsàn-án.
Sigvald ọmọ Elspa, ọkọ̀ àjèjì, ọ̀nà Gírínláǹdì, 19??
Báyìí ni Hanus kọ ọ́.
Òun nìkan ló dúdú láàárín àwọn pupa.

Nínú èdè àwòṣe, àmì ìbéèrè kì í béèrè ohunkóhun.
Ohun tó ń sọ ni pé: èyí tó ṣáájú mi,
ó lè wà, ó lè má sí.
Ọgbọ̀n ọdún ni Elspa fi sọ èdè yìí láìkọ́ ọ.
Lọ́jọ́ Àìkú, àwo Sigvald ń bẹ lórí tábìlì.
Tó bá di Ajé, kò sí níbẹ̀.
Nígbà tí Hanus lọ bi í pé ọdún wo ni,
ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo mọ bí a ti ń mú un.
Fi igi tó fẹ̀yìn tì síwájú àmì kọ̀ọ̀kan,
kó má túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́,
kó kàn jẹ́ ara rẹ̀.
Mo kọ ọ́: àwòṣe odindi fún ẹnì kan.
Sigvald pọ́n.

Mo wò ó títí iná ojú kọ̀ǹpútà fi kú fúnra rẹ̀.
Mo pe Marjun. Mo ní, “Gbogbo ọdún ni bàbá rẹ wí.”
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ omi tó ń hó nílé ìdáná rẹ̀.
“Ìyẹn kì í ṣe ọdún,” ló wí.

Mo pa á rẹ́.

Lówùúrọ̀, lórí ìwé àyẹ̀wò,
Tummas ti fi pẹ́ńsùlù yí ìlà kẹsàn-án ká.
Ó kọ “pupa?” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀
pẹ̀lú àmì ìbéèrè tirẹ̀,
èyí tó ń béèrè lóòótọ́.