Kí O Tó Tẹ̀ka

Jélíìlì, jókòó.
Má fara kan ìkòkò yẹn, omi ṣì wà lára rẹ̀.
Ìyá rẹ ní o ń lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Àlàmísì,
pé wọ́n fẹ́ dán oògùn ibà tuntun wò,
wọ́n á sì fún ọ lówó ọkọ̀.
Mo gbọ́. N kò ní kí o má lọ.
Èmi náà lọ rí.

Ọdún tí òjò wó ògiri ẹbu wa ní Òkèlele,
ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé ibẹ̀.
Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Káfáyà, ọmọ Agbájí,
gbé ìwé olójú-ewé mẹ́rìnlá síwájú mi,
ó ṣí pádì tàdáwà, ó di àtàǹpàkò mi mú.
Mo fà á padà.
Mo ní, "Ọmọ mi, bí mo bá mọ ìkòkò
tí n kò fi ìka lù ú létí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀,
ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi?
Kà á fún mi. Kà á ní Yorùbá.
Ibi tí kò bá yé ìwọ gan-an, má fò ó,
lọ béèrè wá."

Ó kà á títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n máa pín wa sí méjì:
a ó máa lo oògùn wa àtijọ́ lọ,
ṣùgbọ́n apá kan á fi ti tuntun kún un,
apá kejì á gba hóró funfun
tí kò ní nǹkan kan nínú.
A kò ní mọ èyí tí a gbé mì.
Dókítà tó ń wò wá, òun náà kò ní mọ̀.
Mo ní, "Ṣé tẹ́tẹ́ lẹ ń ta ni?"
Káfáyà ní, "Rárá, Ìyá.
Ojú tó ti mọ ìdáhùn kì í wò ó dọ́gba."
Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, sọ òtítọ́ ara rẹ fún wọn.
Àgbo inú ike dúdú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ,
o rò pé a kò mọ̀?
Sọ ọ́. Sọ ti hóró tí o rà lójú ọ̀nà Sóbí.
Èyí tí o bá fi pa mọ́,
inú rẹ ni yóò ti bá oògùn wọn jà,
kì í ṣe inú ìwé.

Béèrè ẹni tí o máa pè
bí ara rẹ bá ṣe bákan lóru.
Èmi pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi níwájú wọn.
Ó dún nínú àpò dókítà, ó ta gìrì.
Béèrè ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú
bí oògùn náà bá ṣe ọ́ léṣe.
Bí wọ́n bá fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀, dìde,
gbé fìlà rẹ.

Nímọ̀tá ará Afọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lóṣù kẹta.
Ó ní òun kò ṣe mọ́.
Kò sẹ́ni tó bá a jà, kò sẹ́ni tó gbowó ọkọ̀ padà.
Ìtẹ̀ka kì í ṣe yìgì, Jélíìlì,
yìgì pàápàá, ṣebí ó ń tú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n pè wá,
wọ́n sọ fún olúkúlùkù ohun tó ti ń gbé mì.
Tèmi, òfo ni.
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń jí láàárọ̀, tí mo ń gbé òfo mì.
Káfáyà ní bí kò bá sí irú èmi,
wọn kì bá mọ̀ bóyá ti àwọn yòókù ṣiṣẹ́.
Mo gbà.
Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, jẹun kí o tó kúrò nílé,
àfi bí wọ́n bá ní kí o má jẹ.
Béèrè ìyẹn náà.