Oje Akọ Igi

Ní Ṣómólú, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́
bí àgbàlagbà tó fi sìgá jẹun,
èmi Fáṣọrantí ń di ìwé.
Ẹgbàárùn-ún ẹ̀dà, ìwé kíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta,
a gbọ́dọ̀ kó o jáde kó tó di Fúráìdè.

Ojú ìwé kẹrìnlá ni mo ń tò láti àárọ̀:
Bàbá na ẹsẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.
Màmá ń dáná. Wúrà ń gbálẹ̀.
Dèjì ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ dúdú, nítorí tádàwá pupa ti wọ́n jù.
Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán gàdàgbà:
"Dèjì kò sunkún. Ọkùnrin ni Dèjì."
Ẹgbàárùn-ún Dèjì ni mo tò jọ,
ẹnì kan kò ṣẹ́jú nínú wọn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo máa ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú?
Bí Ìbídùn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà,
tó ń tọ́jú aláìsàn,
èmi ni mo máa ń mú Mosúnmọ́lá jókòó síwájú mi,
màá fi òòyà la orí rẹ̀ bí ẹni ń la poro,
màá dì í ní kòlẹ́sẹ̀, mẹ́jọ, á gún régé.
Àmọ́ màá kọ́kọ́ ti fèrèsé.
Ọmọ á ní, "Bàbá, ooru ń mú mi."
Màá ní kó fara dà á,
nítorí Ìyá Sílífá lókè,
nítorí Mùfútàù tó ní ọkùnrin tó bá mọ irun dì,
ìyàwó rẹ̀ ló ń wọ ṣòkòtò.
Bí wọ́n bá bi í ní ilé ìwé, kó ní àǹtí kan ló dì í.
Ọmọ ọdún méje. Mo kọ́ ọ ní irọ́ kí n lè jẹ́ ọkùnrin.

Bàbá mi lagi ní Òkò Bàbá, létí ọ̀sà.
Ọjọ́ tí a sin ìyá mi ní Àtan,
mo yanu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó,
àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún lẹ́búlẹ́bú pákó:
"Akọ igi kì í soje."
Mo dákẹ́.
Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e lọ síbi ayùn.
Mo rí ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo rí àfàrà.
Gbogbo wọn ló ń soje.
Oje ń kán sórí bàtà bàbá mi,
ó ń nù ún, kò wí nǹkan kan.
N kò bi í léèrè èwo ló jẹ́ abo nínú wọn.

Gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé rèé, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
Bí kò bá sí oje,
kí ni ì bá so ojú ìwé kan mọ́ èkejì?
Mùfútàù ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.
Mo ní ẹ̀rọ ni.

Mo mú ẹ̀dà kan tí ọ̀bẹ gé wọ́ lọ sílé.
Ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń tú irun Mosúnmọ́lá,
ó mú pẹ́ńsù, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan:
ó pa ìwé ìròyìn ọwọ́ Bàbá rẹ́, ó ya òòyà síbẹ̀.
Ó kán omi kan sójú Dèjì,
omi náà tóbi ju orí ọmọ náà lọ.
"Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

Mo dìde. Fèrèsé ti há, nítorí a kì í ṣí i,
mo fi èjìká tì í.
Ìyá Sílífá wà lókè, ó ń sá aṣọ.
"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," mo ní,
òòyà lọ́wọ́ mi.