Bátìrì Roboto

Lánàá, òtútù Sọ́ńdálándì ń họ fèrèsé.
Mo tẹ bọ́tìnnì; kọ̀ǹpútà mí, ó kùn, ó dákẹ́,
ó kọ ọ́ sójú dúdú pé
ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2009 la wà.

Fáróunbí rẹ́rìn-ín lórí fóònù: "Tú ìdí ẹ̀ wò.
Bátìrì bíńtín tó rí bíi kọ́bọ̀ yẹn ló kú.
Orí ẹ̀ ò dàrú, ọjọ́ ló gbàgbé."

Pọ́n-ùn méjì. Ó jí.

Lónìí, Ìyá Dọ́dìsì tí mò ń tọ́jú ní,
"Ọmọ mi, ọjọ́ wo la wà?"
Ìṣẹ́gun ni, mà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé.
Mò ń ya irun wọn, funfun bí òwú,
ìka mi ń wá kiri létí àtàrí:
kò sójú síkúrù kankan.