Odídẹrẹ́ Màmá Filomẹ́nà

Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa l'Òpópónà Bámgbóṣé,
ọkọ Màmá Filomẹ́nà ló rà á wálé
lọ́dún tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ l'Ápápá.
Ó fẹ́ kọ́ ọ ní àdúrà. Ẹyẹ kọ̀.
Igbe àwọn ọmọdé ló mú:
Ọ́pù Nẹ́pà!

Nínú òkùnkùn biribiri, ó dé nìyẹn:
Ọ́pù Nẹ́pà! Ọ́pù Nẹ́pà!
Sẹ̀míù á fò dìde, á gbé áyọ́ọ̀nù,
èmi á máa táràrà wá ṣájà,
a ó forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà,
òkùnkùn á sì máa wò wá.

"Ẹ jẹ́ ká ta òpùrọ́ yìí," ni onílé wí.
Màmá ń bó ẹ̀pà fún ẹyẹ, kò gbójú sókè:
"Àwọn tó ń gbowó iná lọ́wọ́ yín lóṣooṣù ńkọ́,
èló lẹ tà wọ́n?"

Lóru àná, iná dé lóòótọ́.
Gílóòbù tàn yòò lókè àgò rẹ̀.
Gbogbo ilé ń hanrun.
Odídẹrẹ́ wò ó,
ó yí ọrùn, ó tún fi ojú kejì wò ó,
ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ sí í dún
bíi jẹnẹrétọ̀.