Ìwé Orúkọ Alẹ́ Sátidé

Èmi kọ́ ni dókítà. Èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì.
Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì ní Iléṣà,
tí mò ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò,
tí bírò mi kì í fẹ́ yọ yíǹkì bí ọyẹ́ bá mú.
Mọ́ńdè, aláboyún ni, àti àgbà ẹlẹ́jẹ̀ ríru.
Sátidé, tí aago méjìlá òru bá ti kọjá,
àwọn tí egungun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó
ni ọ̀kadà ń já sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Lóru àná, wọ́n gbé ọ̀kan dé láti Ìsọ́kùn.
Ọ̀rẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan di orí mú, ọ̀kan di itan,
ẹ̀kẹta ń sunkún, fóònù ló dì mú.
Fírídọ̀mù ni wọ́n ṣe.
Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ fèrèsé tán,
ọ̀gá ti gbàdúrà, wọ́n ti ya fọ́tò.
Ìgbà tí àwọn àgbà lọ tán
ni ọtí inú ọ̀rá jáde, ni ìgò jáde,
ni ẹnìkan wí pé, "Ẹni tó bá da mẹ́wàá mu láì mí, òun lọ́kùnrin."
Ó dà á. Kò mí.
Kò sì mí dáadáa mọ́ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi.

"Orúkọ?"
"Jọláadé Famúrewá."
"Ọjọ́ orí?"
"Mọ́kànlélógún."
"Kí ló ṣe é?"
Ọ̀kan ní ibà ni. Ọ̀kan ní ẹ̀wà àná ló dà á láàmú.
Ẹni tó ń sunkún ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ayé ni."
Ayé kì í rùn bí sípíríìtì.
Mo kọ "ọtí" sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré,
ó ga ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Nínú lọ́hùn-ún, ọ̀kan ti fẹ́ rọ epo pupa sí i lẹ́nu.
Sístà Òjúgbèlè gba kẹ́ẹ̀gì náà, ó jù ú síta,
ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, kí èébì má baà pa á.
"Ẹ má jẹ́ kó dojú sókè!"
Ó ń wí i ṣáá, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nílùú wa níbí, a mọ òṣómàáló.
Bàbá tó bí bàbá mi ṣe é. Ó ta aṣọ láwìn dé Ọ̀fà,
bí ọjọ́ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Orí òṣòó ni mo wà títí n ó fi gbowó mi."
Ọtí gan-an, òṣómàáló ni.
Ẹ̀rín ló fi ń tajà, kò béèrè onídùúró.
Aago mẹ́rin ìdájí, mo rí i
tó lóṣòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ Famúrewá,
tó ń ṣírò èlé lórí ẹ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá dé ní aago márùn-ún, ó yí ìró rẹ̀ sódì.
Ó wo ìwé mi. Ó mọ̀wé kà.
"Ẹ bá mi pa á rẹ́. Ẹ kọ ọgbẹ́ inú.
Àwọn ará ìjọ wa ń ṣiṣẹ́ níbí."
Mo ní bírò ni, kì í ṣe pẹ́ńsù.
N kò sọ fún un pé mo ti kọ ọgbẹ́ inú rí,
lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn,
síwájú orúkọ kan tí mo mọ̀ ọ́n kọ ju tèmi lọ.
Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọgbẹ́ inú.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ lajú. "Fóònù mi dà?"
Dókítà bi í pé mélòó ló mu.
Ó fi ìka kà á, ó dé ọwọ́ kejì, ó dúró,
ó ń wo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n yá a.

Ẹsẹ̀ bàtà kan ló wọ̀ lọ sílé.
Ìkejì wà nínú dúróà mi.
Mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ òsì gbogbo wọn,
ẹnikẹ́ni kò padà wá béèrè.
Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo fi rúlà fàlà.
Ọ̀la ni Mọ́ńdè.